Ẹja ọgọ́ta kílò, ọgọ́fà náírà: bí àtẹ ìṣirò kan ṣe ṣì wọ́n lọ́nà ní Ẹ̀pẹ́

Ẹja yíyan kì í jẹ́ kí ìṣirò rọrùn. Ẹni tó bá ra àrọ̀ tútù 60 kílò, tó yan án títí ó fi gbẹ dáadáa, kílò 21 péré ló lè bá nínú agbọ̀n. Omi ti bá èéfín lọ. Bí oníbàárà bá wá bi í pé èló ni kílò kan, iye tó fi ra kílò kan ní etí ọ̀sà kò lè dá ìbéèrè yẹn lóhùn. Owó gbogbo ẹja tútù ni yóò pín sí kílò tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, yóò sì tún fi owó igi, owó mọ́tò, iyọ̀ àti owó alágbàṣe kún un. Ìṣirò yìí ni wọ́n fẹ́ kí àtẹ kan máa ṣe fún wọn níbi tí wọ́n ti ń yan ẹja tà ní Ẹ̀pẹ́. A kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, a sì ti yí iye owó padà, ṣùgbọ́n àwọn àṣìṣe inú rẹ̀ wà bí wọ́n ṣe wáyé.

Àlàájà tó ni ọjà ń ra àrọ̀, èpìyà àti ọ̀bọ̀kún. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn ló ń ṣe akọ̀wé fún wọn. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti gbó, kò lè gbé ètò ńlá, ṣùgbọ́n Emacs, ètò tí a fi ń tẹ ọ̀rọ̀, ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ wẹ́rẹ́. Fáìlì tí Emacs ń kọ kò ju ọ̀rọ̀ lásán lọ: ó ṣeé fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ó sì ṣeé kà lórí fóònù èyíkéyìí. Ìdí rere ni fún ọjà tí ẹni kan wà létí omi, tí ẹnì kejì wà nídìí àyanja, tí ẹnì kẹta sì wà nínú mọ́tò lọ sí Èkó.

Apá Emacs tó ń ṣírò ni wọ́n ń pè ní Org. Carsten Dominik ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2003, láti ìgbà Emacs 22 tó jáde ní 2007 ló sì ti ń bá Emacs wá. Òpó inú àtẹ rẹ̀ kò ju àmì | lọ. Bí ẹ bá tẹ TAB, gbogbo rẹ̀ á tò gún. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ sí Excel ni pé fọ́múlà kì í gbé inú àpótí. Ìlà kan wà lábẹ́ àtẹ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú #+TBLFM:, ibẹ̀ ni gbogbo fọ́múlà wà, àmì :: ló sì ń pààlà láàárín wọn. Inú àpótí, èsì nìkan ló wà níbẹ̀, bó ṣe rí nígbà tí wọ́n ṣírò gbẹ̀yìn. Ẹ fi gbólóhùn yẹn sọ́kàn, a óò padà sí i.

Bí a ṣe ń pe àpótí nìyí. @ dúró fún ìlà, $ dúró fún òpó. @2$4 ni àpótí tó wà ní ìlà kejì, òpó kẹrin. Ìlà orí àtẹ, níbi tí orúkọ òpó wà, ni @1. Ìdábùú tí a fi dáàṣì fà kò sí nínú kíkà. $4 nìkan, láìsí @, túmọ̀ sí òpó kẹrin ní ìlà tí a wà. @< ni ìlà àkọ́kọ́, @> ni ìlà ìkẹyìn, @-1 ni ìlà tó wà lókè eléyìí. @I ni ìdábùú àkọ́kọ́, @II ni ìkejì. Bí akọ̀wé ṣe kọ́kọ́ tẹ àtẹ rẹ̀ rèé:

| Ẹja     | Kílò tútù | Owó kílò | Owó rírà | Kílò yíyan |
|---------+-----------+----------+----------+------------|
| Àrọ̀    |        60 |    2,800 |          |         21 |
| Èpìyà   |        45 |    1,900 |          |         18 |
| Ọ̀bọ̀kún |        20 |    3,500 |          |          7 |
|---------+-----------+----------+----------+------------|
| Àpapọ̀  |           |          |          |            |
#+TBLFM: $4=$2*$3

Ó gbé kọ́sọ̀ sórí ìlà TBLFM, ó tẹ C-c C-c kí Org lè ṣírò (C ni Ctrl, M tí ẹ ó rí níwájú ni Alt, S ni Shift: ẹ di í mú kí ẹ tó tẹ èyí tó tẹ̀ lé e). Níbi tó ti ń retí 168000 fún àrọ̀, (120, 48000) ló jáde. Èpìyà mú (45, 40500) wá, ọ̀bọ̀kún mú (60, 10000).

Kọ́mà ló dá a sílẹ̀. Kí Org tó ṣírò, á mú ohun tó wà nínú àpótí bó ṣe wà, á fi àmì akámọ́ yí i ká, á sì kó o fún Calc, ẹ̀rọ ìṣirò inú Emacs. Ohun tó dé ọwọ́ Calc ni (60)*(2,800). Lójú Calc, nọ́ńbà méjì tí kọ́mà pín níyà nínú akámọ́ jẹ́ nọ́ńbà alápá méjì tí àwọn onímọ̀ ìṣirò ń lò, kì í ṣe ẹgbẹ̀rìnlá náírà. Ó fi 60 sọ 2 di púpọ̀, ó fi 60 sọ 800 di púpọ̀, ó sì dá wọn padà pọ̀. Calc kò ṣàṣìṣe kankan.

Ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i, kó tẹ C-c { láti tan ìtọpinpin fọ́múlà, kó wá dúró sínú àpótí náà, kó tẹ C-c =, kó tẹ Enter. Fèrèsé kan á ṣí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Orig: ni fọ́múlà wà bí a ṣe kọ ọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ $1-> ni ẹ ó ti rí ohun tí Org fi rọ́pò àwọn àmì, (60)*(2,800), lẹ́gbẹ̀ẹ́ Result: ni èsì wà. Ìlà $1-> yẹn ló yẹ kí ẹni tó ń tún àtẹ ṣe kọ́kọ́ kà. Bí ohun tó wọlé bá ti bàjẹ́, kò sí fọ́múlà tó lè tún un ṣe. Ẹ tún tẹ C-c { lẹ́yìn náà kí ẹ pa á, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò máa dá yín dúró ní gbogbo àpótí.

Akọ̀wé kò mọ ìtọpinpin yìí nígbà náà. Ó bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ìyẹn ní kó fi ;N sí ìdí fọ́múlà, pé N ló máa ń sọ nǹkan di nọ́ńbà. Ó kọ ọ́: $4=$2*$3;N. Àwọn akámọ́ náà lọ. 120, 45, 60 jáde, ó mọ́ tónítóní. Ó fi àpapọ̀ wọn, 225, sí ìsàlẹ̀, ó sì dà á kọ sórí ìwé fún Àlàájà.

Wọ́n wo ìwé náà títí. “Àrọ̀ ọgọ́ta kílò, ọgọ́fà náírà. Ta ló tà á fún mi?”

“Ẹ má bínú, Ìyá. Ẹ jẹ́ kí n tún un wò.”

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti yí padà nìyẹn, nítorí pé àṣìṣe kejì burú ju ti ìṣáájú lọ. (120, 48000) ń pariwo pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá rí i á dúró. Ṣùgbọ́n N máa ń ka nọ́ńbà láti apá òsì, ó sì ń dúró níbi àmì àkọ́kọ́ tí kì í ṣe ara nọ́ńbà. Tó bá dé kọ́mà inú 2,800, ó ti parí: 2 ni. Kò kìlọ̀, kò sì kọ #ERROR, àmì tí Org fi ń sọ pé àṣìṣe wà. Ká ní ẹja kan wà tí owó kílò rẹ̀ jẹ́ 950, ìlà tirẹ̀ ìbá tọ́ nígbà tí èyí tó wà lókè rẹ̀ kò tọ́, bóyá ojú ìbá sì fò ó dá. N ní iṣẹ́ tirẹ̀, pàápàá níbi tí àpótí òfo bá wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe oògùn kọ́mà.

Nínú àtẹ ìnáwó tó wà nínú fáìlì kan náà, kọ́mà ṣe ohun mìíràn. Igi 18,000, mọ́tò 12,000, iyọ̀ 2,500, alágbàṣe 15,000. Ó fi vsum, àṣẹ tó ń ro nọ́ńbà pọ̀, kó wọn jọ, 547 ló jáde. Tí vsum bá ń gba ọ̀pọ̀ àpótí lẹ́ẹ̀kan, Org kì í fi akámọ́ yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká. Ńṣe ló ń fi kọ́mà so wọn pọ̀ nínú [ ]. Kọ́mà tirẹ̀ àti kọ́mà akọ̀wé wá di ọ̀kan. Nǹkan mẹ́jọ ni Calc rí dípò mẹ́rin: 18, 000, 12, 000, 2, 500, 15, 000. Ó rò wọ́n pọ̀. Ohun tó tọ́ ni 47500.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Ẹ sàmì sí àtẹ náà nìkan, láti ìlà àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, ẹ tẹ M-%, ẹ tẹ kọ́mà, Enter, ẹ má tẹ nǹkan kan, Enter, lẹ́yìn náà ẹ tẹ ! kó lè yọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má ṣe sàmì dé ìlà TBLFM, torí kọ́mà tó bá wà nínú fọ́múlà ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Àmì náírà náà kò gbọdọ̀ wọ àpótí. Orí òpó ni ààyè rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, 2800 ni akọ̀wé ń tẹ̀, kọ́mà sì di ti ìwé tó ń fọwọ́ kọ fún Àlàájà.

Ó wá kọ àpapọ̀ sí ìlà karùn-ún: @5$2=vsum(@2$2..@4$2), ó sì ṣe bẹ́ẹ̀ fún òpó kẹrin àti ìkarùn-ún. 125 kílò tútù, 323500 náírà, 46 kílò yíyan. Ó tọ́. Nígbà tí fọ́múlà bá dárúkọ àpótí kan pàtó báyìí, fọ́múlà òpó kì í fọwọ́ kan àpótí náà mọ́, ìyẹn ni $4=$2*$3 kò ṣe ba àpapọ̀ jẹ́. Ìdábùú tó wà lábẹ́ orúkọ òpó náà ní iṣẹ́ tirẹ̀: gbogbo ohun tó wà lókè rẹ̀ ni Org kà sí orí àtẹ, fọ́múlà òpó kì í dé ibẹ̀. Àtẹ tó ní ìdábùú sí ìsàlẹ̀ nìkan, tí kò ní ti òkè, yóò ṣi orí àtẹ mú.

Òpó kẹfà ni ìdá nínú ọgọ́rùn-ún tó kù lẹ́yìn yíyan. Ó kọ $6=$5/$2*100;%.1f gẹ́gẹ́ bí gbogbo ayé ṣe ń kọ ọ́; %.1f ní kí nọ́ńbà kan péré wà lẹ́yìn àmì ìdá. 0.0 ló jáde láti òkè délẹ̀. Ó rò pé %.1f ló ṣe é, ó yí i sí %.2f, 0.00. Nínú Calc, àmì ìsọdipúpọ̀ lágbára ju àmì pípín lọ. Wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ bíi ti Excel. $5/$2*100 ni Calc ń kà sí $5/($2*100), nítorí náà 21 ni ó ń pín sí 6000. Ìwé ìtọ́sọ́nà Org sọ ọ́ kedere, ṣùgbọ́n ta ní ń ka ìwé ìtọ́sọ́nà kí nǹkan tó bàjẹ́? Ọ̀nà méjì ló wà: ($5/$2)*100, tàbí 100*$5/$2. Èkejì ni akọ̀wé mú. Àrọ̀ di 35.0, èpìyà 40.0, ọ̀bọ̀kún 35.0, ìlà àpapọ̀ sì di 36.8. Ẹ kíyè sí i pé 36.8 yẹn wá láti inú 46 àti 125. Ẹni tó bá fi vmean ṣírò àárín 35, 40 àti 35, 36.7 ni yóò rí, èyí kò sì tọ́, torí ẹja mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò wúwo bákan náà.

Títí di ìgbà yìí, ojú àtẹ ni àṣìṣe wà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ náà ba ohun tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀ jẹ́. Wọ́n tún ra ẹja lẹ́ẹ̀kejì. Ọmọkùnrin tó wà létí omi tẹ ìlà mẹ́ta sórí WhatsApp, ó ti mọ bí | ṣe ń lọ: àrọ̀ 40 kílò, èyí tó di 14 lẹ́yìn yíyan, èpìyà 25, tó di 10, ọ̀bọ̀kún 17, tó di 6. Akọ̀wé ṣe àdàkọ wọn, ó lẹ̀ wọ́n mọ́ abẹ́ ìlà kẹrin, lókè ìdábùú kejì, ó tẹ C-c C-c.

Àrọ̀ 40 kílò di 125 kílò. 14 rẹ̀ di 46. Owó rẹ̀ di 323500. Ìlà àpapọ̀ tó wà nísàlẹ̀, 125 àti 46 àtijọ́ ló ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n owó rírà rẹ̀ di òdo, bẹ́ẹ̀ ni ìdá rẹ̀ ṣì jẹ́ 36.8 bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe.

Ẹ tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀. Fọ́múlà sọ pé @5, kò sọ pé “ìlà àpapọ̀”. Lẹ́yìn tí ìlà mẹ́ta wọlé, àrọ̀ ọjọ́bọ̀ ló di @5, àpapọ̀ sì ti sún sí @8. Org ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe: ó kó àpapọ̀ ìlà 2 sí 4 lé orí àrọ̀, ó sì pa 40 àti 14 tí wọ́n fọwọ́ tẹ̀ rẹ́. Ní @8, kò sí fọ́múlà àpótí mọ́, nítorí náà $4=$2*$3 ráyè wọlé: 125 ìgbà àpótí òfo. Àpótí òfo tí fọ́múlà dárúkọ ní ẹyọ kan, òdo ni Org ń kà á sí. Bẹ́ẹ̀ ni 0 ṣe débẹ̀. Ìdá náà kò yí padà torí 46 àti 125 àtijọ́ ló ṣì ń pín.

C-/ ló gba wọ́n là lọ́jọ́ náà. Ó dá gbogbo rẹ̀ padà sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ WhatsApp sì wà tí wọ́n lè fi wé e. Ká ní ó ti fi fáìlì pamọ́, tó sì ti pa Emacs, orí fóònù nìkan ni 40 àti 14 ìbá kù sí.

Àwọn kan á sọ pé lílẹ̀ ló fà á, pé ká ní M-S-<down> ló fi fi ìlà kún un, fọ́múlà ìbá tẹ̀ lé e. Ìdajì òótọ́ ni. Bí a bá lo àṣẹ Org láti fi ìlà kún àtẹ, láti yọ ọ́ tàbí láti gbé e kúrò, Org máa ń tún nọ́ńbà inú TBLFM ṣe kó lè máa tọ́ka sí àpótí tó ń tọ́ka sí tẹ́lẹ̀. Lílẹ̀ àti fífọwọ́ tẹ̀ kò ní irú àǹfààní yẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ó dáadáa: “àpótí tó ń tọ́ka sí tẹ́lẹ̀” ni. Ìlà tó bá wọlé sáàárín @2 àti @4 á bọ́ sínú àpapọ̀. Ìlà tó bá wọlé lẹ́yìn @4, èyí tó ti ń wà níta tẹ́lẹ̀, á ṣì wà níta. Bẹ́ẹ̀ abẹ́ ìlà ìkẹyìn ni gbogbo ènìyàn máa ń fi ọjà tuntun sí.

Nítorí náà ni wọ́n ṣe pa nọ́ńbà ìlà tì, tí wọ́n so fọ́múlà mọ́ ìdábùú:

#+TBLFM: $4=$2*$3::$6=100*$5/$2;%.1f::@>$2=vsum(@I..@II)::@>$4=vsum(@I..@II)::@>$5=vsum(@I..@II)

@> ni ìlà ìkẹyìn, ibi yòówù kó bọ́ sí. @I..@II ni ohun gbogbo tó wà láàárín ìdábùú méjèèjì; bí a kò bá dárúkọ òpó, òpó tí fọ́múlà wà ni. Wọ́n tún lẹ ìlà mẹ́ta náà mọ́ ọn. Kílò yíyan di 76, àrọ̀ 40 sì dúró sí 40. Ẹni tí ojú rẹ̀ bá ń ṣú nídìí ìlà wo ni @5, C-c } á kọ nọ́ńbà ìlà àti òpó sí etí àtẹ, C-c ? á sọ orúkọ àpótí tí kọ́sọ̀ wà. C-c ' á ṣí gbogbo fọ́múlà sí fèrèsé tirẹ̀; bí ẹ bá gbé kọ́sọ̀ lé fọ́múlà kan níbẹ̀, àwọn àpótí tó ń tọ́ka sí á tàn nínú àtẹ. Ó sàn ju kí ènìyàn máa ka TBLFM gígùn lójú lásán.

Nígbà yìí ni wọ́n tó kan ohun tí Àlàájà ń béèrè gan-an. Wọ́n sọ àtẹ ìnáwó ní orúkọ, #+NAME: inawo, láìsí àmì ohùn kí títẹ̀ rẹ̀ lè rọrùn. Òpó keje wá di:

$7=$4/$5+remote(inawo,@>$2)/@>$5;%.0f

remote ló ń mú iye wá láti inú àtẹ mìíràn. Owó ẹja pín sí kílò yíyan rẹ̀, pẹ̀lú ìnáwó ọ̀sẹ̀ náà pín sí gbogbo kílò yíyan. 47500 pín sí 76 jẹ́ 625. Àrọ̀ àkọ́kọ́, 168000 pín sí 21 jẹ́ 8000, nítorí náà kílò kan ná wọn ní 8625. Àlàájà ní ó jọ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì, ẹja dín kù, kílò yíyan jẹ́ 50, ìnáwó kò yí padà. Akọ̀wé tẹ̀ ẹ́ wọlé, ó ṣírò: àrọ̀ 8625. Ó tún tẹ C-c C-c láìmọ̀ọ́mọ̀, kò yí nǹkan kan padà: àrọ̀ 8950. Àtẹ tí èsì rẹ̀ yàtọ̀ nígbà tí a kò fọwọ́ kan ohun kan, nǹkan ń bẹ nínú rẹ̀. Org máa ń kọ́kọ́ ṣe fọ́múlà òpó lórí gbogbo ìlà, lẹ́yìn náà ló ń ṣe ti àpótí. Nígbà tí $7 ń wo @>$5, 76 ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ṣì bá níbẹ̀. 50 kò tíì dé. Ẹ̀ẹ̀kejì ló tó rí i. C-u C-u C-c * ni àṣẹ tó ń tún un ṣírò lera lera títí èsì kò fi ní yí padà mọ́. Àtẹ tí òpó rẹ̀ bá ń gbára lé àpapọ̀, òun ló yẹ ẹ́, kì í ṣe C-c C-c lẹ́ẹ̀kan.

Èyí tó wá gba owó lọ́wọ́ wọn ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹta. Igi ti gbówó lórí, láti 18000 sí 26000. Akọ̀wé yí i nínú àtẹ ìnáwó, ó padà sínú àtẹ ẹja, ó tẹ C-u C-u C-c *. Gbogbo nǹkan dúró, kò sí èsì tó ń yí padà. Ó fi iye ránṣẹ́, wọ́n fi èrè lé e, wọ́n sì ta ẹja náà. Ìgbà tí Àlàájà ń ka owó igi nínú ìwé oníigi ni wọ́n ní “Ṣé igi yìí wà nínú iye tí o fún mi?”

Kò sí níbẹ̀. remote kì í ṣírò àtẹ tó ń wò. Ohun tó bá kọ sínú àpótí ni yóò mú, bí ìgbà tí ènìyàn bá ka nǹkan lára ògiri. Akọ̀wé ti yí 26000, ṣùgbọ́n kò tún àtẹ ìnáwó fúnra rẹ̀ ṣírò, nítorí náà 47500 ló ṣì wà ní ìlà ìkẹyìn rẹ̀ dípò 55500. Kílò yíyan 50 ni lọ́sẹ̀ náà pẹ̀lú: 950 ni wọ́n fi kún kílò kọ̀ọ̀kan, 1110 ló yẹ. Ọgọ́jọ náírà lórí kílò kan, 8000 lápapọ̀, ó sì bọ́ sínú èrè wọn.

Wọ́n gbèrò láti fi àmì # sí òpó àkọ́kọ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, kí Org lè máa ṣírò ìlà náà fúnra rẹ̀ bí a bá tẹ TAB tàbí Enter. Wọ́n jáwọ́ nínú rẹ̀, ìpinnu náà sì dára. Àmì yẹn gba òpó kan fún ara rẹ̀, gbogbo $2 á di $3; bí ìlà kan bá sì ti ní àmì, èyí tí kò ní in kò ní sí nínú ìṣirò gbogbo-gbòò mọ́. Fún àtẹ tí wọ́n ń lẹ ìlà mọ́ láti orí WhatsApp, ìjàǹbá tuntun ni. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n gbé inawo sókè àtẹ ẹja, wọ́n sì sọ M-x org-table-iterate-buffer-tables di àṣẹ kan ṣoṣo tí wọ́n ń lò kí iye tó jáde. Ó ń ṣírò gbogbo àtẹ inú fáìlì, lera lera, títí wọn yóò fi fẹnu kò.

Wọ́n tún fi òpó kẹjọ kún un fún àyẹ̀wò: $8=$5*$7, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ni @>$8=vsum(@I..@II)-@>$4-remote(inawo,@>$2). Bí iye kílò bá tọ́, kílò yíyan ìgbà iye rẹ̀, lápapọ̀, yẹ kó bá owó ẹja àti ìnáwó dọ́gba. Ẹja mẹ́ta ọjọ́ àkọ́kọ́ àti ìnáwó 47500 wà nísàlẹ̀ fáìlì gẹ́gẹ́ bí àtẹ ìdánwò, pẹ̀lú inawo tirẹ̀ tó ní orúkọ mìíràn: 9033 fún àrọ̀, 5783 fún èpìyà, 11033 fún ọ̀bọ̀kún. 371018 ni àpapọ̀, 371000 ni owó tó jáde lápò, àpótí àyẹ̀wò sì fi 18 hàn. %.0f ló fa 18 yẹn, torí ó ń gé kọ́bọ̀ tàbí kó sún un sókè. Kò lè ju ààbọ̀ náírà lọ lórí kílò kan, ìyẹn 23 lórí kílò 46. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n má fi iye kankan ránṣẹ́. Fọ́múlà tuntun kì í dé inú àtẹ gidi kó tó kọ́kọ́ gba ibẹ̀ kọjá.

Àpótí yìí á mú àpapọ̀ tó pẹ́ dé. Kò lè mú igi tí wọn kò tún ṣírò, nítorí àyẹ̀wò àti iye náà ń ka 47500 kan náà lára ògiri kan náà. Fún ìyẹn, Àlàájà ní ọ̀nà tiwọn. Kí akọ̀wé tó sọ iye rẹ̀, àwọn fúnra wọn á ti fi orí ṣírò àrọ̀ nìkan, pẹ̀lú owó igi tí wọ́n san láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n á wá ní, “Ó yá, kí ni tìrẹ sọ?”